Mẹ́tàlì Wo Ló Yẹ Òrùka Bẹ́ńsíìnì Yín? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Yàn

Bẹ́ńsíìnì (benzene, C6H6) kì í tètè dá èèyàn lóhùn. Kábọ̀n mẹ́fà di ara wọn mú yí po, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́fà sì ń rìn káàkiri lókè àti nísàlẹ̀ òrùka náà láìdúró lójú kan. Ìrìnkáàkiri yẹn ló mú kó dúró ṣinṣin ju bó ṣe yẹ lọ, ní nǹkan bíi kilojúùlù 150 lórí móólù kọ̀ọ̀kan. Kẹ́míkà tó ń wá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kiri, bíi bromine, ṣì lè fi tipátipá wọlé, kó lé háídírójìn kan jáde. Àmọ́ èyí tó ń gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wá, òrùka náà á tì í sẹ́yìn ni, torí ohun tó gbé wá ti pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, èyí tó ń gbé e wá ni mo máa pè ní olùfúnni, èyí tó ń wá a ni olùgbà.

Ibẹ̀ ni àwọn mẹ́tàlì tó wà láàárín tábìlì ẹ́límẹ́ǹtì ti wúlò. Ẹ gbé chromium, irin tàbí tungsten lé òrùka náà, ìwà rẹ̀ á yí padà: èyí tí kì í gba olùfúnni á ṣílẹ̀kùn fún un, èyí tó pẹlẹbẹ á ní ojú òkè àti ojú ìsàlẹ̀ tó yàtọ̀ síra. Àwọn tí mo ń kọ èyí fún ni akẹ́kọ̀ọ́ àti olùṣèwádìí tó ti ní mólékù olórùka lọ́wọ́, tó mọ ibi tó fẹ́ gbé e dé, àmọ́ tí kò tíì mọ mẹ́tàlì tó máa bá a gbé e débẹ̀.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè mẹ́rin ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí òrùka náà gba olùfúnni ni, àbí ẹ fẹ́ kóun fúnra rẹ̀ fún olùgbà ní nǹkan? Kí ni mólékù yín lè fara dà nígbà tí ẹ bá ń gbé mẹ́tàlì lé e? Báwo ni mẹ́tàlì náà ṣe máa kúrò, mélòó ló sì máa ṣẹ́ kù? Èló ni gbogbo rẹ̀, kí ló sì wà nínú láàbù yín?

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Ní tèmi o, ìbéèrè kẹta ló yẹ kó ṣáájú. Gbígbé mẹ́tàlì lé òrùka kì í sábà le tó yíyọ ọ́ kúrò láìba ohun tí a ti kọ́ sórí rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá sì ń ṣe oògùn, òfin ti ń dúró dè é. Ìlànà ICH Q3D, tí àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Japan ń tẹ̀ lé, sọ pé palladium tó máa wọ inú ara láti inú oògùn tí à ń gbé mì kò gbọ́dọ̀ ju máíkírógíráàmù 100 lọ lójúmọ́. 100 náà ni ti ruthenium, 100 ni ti osmium. Chromium ní àyè tó fẹjú gan-an: 11,000. Irin, manganese àti tungsten ńkọ́? Ìlànà náà kò fi iye kankan dè wọ́n rárá, torí oró wọn kò pọ̀. Nọ́ńbà wọ̀nyí nìkan ti tó láti yí ìpinnu padà kí ọ̀rọ̀ owó tó délẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ kó pamọ́. Yàtọ̀ sí palladium tí mo fi sí ìparí, àwọn mẹ́tàlì wọ̀nyí kì í ṣe kátálísìtì bí a ṣe ń lò wọ́n níbí. Òrùka kan, mẹ́tàlì kan ni. Gíráàmù 78 bẹ́ńsíìnì á jẹ gíráàmù 220 Cr(CO)6, ìyẹn chromium tó ní CO (carbon monoxide) mẹ́fà lára. Ẹni tó ń ṣe míligíráàmù díẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n lára, ẹni tó ń ṣe kílò máa mọ̀ ọ́n lára dáadáa.

Chromium

Òun ni àgbà wọn. Ní 1957 ni E. O. Fischer àti Öfele ṣe bẹ́ńsíìnì tó ní Cr(CO)3 lára ní Munich. Fischer yìí ló pín ẹ̀bùn Nobel 1973 pẹ̀lú Geoffrey Wilkinson fún iṣẹ́ lórí àwọn mólékù tí mẹ́tàlì wà láàárín òrùka méjì. Bí ẹ bá fẹ́ fojú inú wo ti chromium, ẹ wo àpótí ìjókòó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta: òrùka ni ojú ìjókòó, CO mẹ́ta ni ẹsẹ̀, chromium ló so wọ́n pọ̀ láàárín. Àwọn CO yẹn ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gba inú chromium lọ sọ́dọ̀ ara wọn, òrùka á sì ṣófo díẹ̀. Ní 1959, Nicholls àti Whiting fi hàn pé chlorobenzene tó ní Cr(CO)3 lórí máa ń jẹ́ kí methoxide lé chlorine rẹ̀ jáde láìjanpata, àfi bí ìgbà tí nitro kan wà ní òdìkejì òrùka.

Ìyẹn dára, àmọ́ ohun tó mú chromium gbajúmọ̀ ni èyí tí Semmelhack ṣe nígbà tó yá: ó fi olùfúnni kábọ̀n, irú bíi LiC(CH3)2CN, lu òrùka níbi tí háídírójìn lásán wà, láìsí chlorine kankan tó máa jáde. Lẹ́yìn náà ló da áyódíìnì sí i, háídírójìn bá lọ, mẹ́tàlì bá lọ, ó ku òrùka tó ní kábọ̀n tuntun lára. Ẹ wá wo ibi tó gbà wọlé. Lórí anisole (bẹ́ńsíìnì tó ní methoxy, OCH3, lára), ríákíṣọ̀n tí gbogbo wa kọ́ ní yunifásítì máa ń kó nǹkan lọ sí ortho (kábọ̀n tó kángun sí ti methoxy) àti para (èyí tó wà ní òdìkejì). Ti chromium fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ meta nìkan, ìyẹn èyí tó wà láàárín ortho àti para. Ẹni tó ti gbìyànjú láti ṣe òrùka tó ní methoxy àti kábọ̀n ní meta lọ́nà àtijọ́ á mọ iye ìgbésẹ̀ tí èyí gé kúrò.

Bí ẹ kò bá fẹ́ kí òrùka náà padà pẹlẹbẹ, ó tún wúlò. Kündig ní Geneva fi olùfúnni kan wọlé láti ojú tí chromium kò sí, kò jẹ́ kí háídírójìn lọ, ó fi olùgbà tẹ̀ lé e, ìyẹn sì gba ojú tí chromium wà wọlé. Ohun tó jáde ni òrùka tó ní kábọ̀n tuntun méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Nítorí pé chromium dí ojú kan pa, mólékù tí ohun méjì tó yàtọ̀ síra wà ní ortho tàbí meta rẹ̀ á di ọ̀tún tàbí òsì, bí ọwọ́ méjì tó jọra àmọ́ tí ọ̀kan kò lè rọ́pò èkejì, ẹ sì lè fi ọ̀tún yẹn darí gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé e.

Yíyọ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ yọ́ ọ nínú éétà, ẹ ṣí ẹnu fláàsìkì sílẹ̀, ẹ gbé e sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọlé. Omi aláwọ̀ ọsàn tó mọ́ gaara náà á kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà ni ẹrẹ̀ àwọ̀ ilẹ̀ tó dà bíi pé ó fẹ́ di ewéko á máa balẹ̀ sí ìdí fláàsìkì. Nígbà tí omi òkè bá ti di aláìláwọ̀, ẹ sẹ́ ẹ, ó parí. Afẹ́fẹ́ àti oòrùn ló ṣe é, a kì í sì í ra ìkankan nínú wọn nílé wa.

Gbígbé e lórí ló ń fi ìyà jẹni. Cr(CO)6 lóró, ó sì máa ń fò: bí ẹ bá ń sè é, kírísítà funfun á máa gun ọrùn fláàsìkì lọ sínú kọ̀ńdẹ́ńsà, á fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń po dibutyl ether mọ́ THF díẹ̀ (sọ́fẹ́ǹtì tó tètè ń hó), kí THF tó ń sọ̀ kalẹ̀ lè máa fọ̀ ọ́ padà. Ọjọ́ kan gbáko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló fi ń hó lábẹ́ argon. Ní láàbù tí iná ìjọba ń lọ tó ń bọ̀, ẹ ṣètò jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó wọn ohunkóhun. Ẹ tún rántí pé òrùka tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ ti dín kù tẹ́lẹ̀, bíi ti nitrobenzene, kì í gba chromium báyìí, àti pé olùfúnni tó ti fara balẹ̀ jù, bíi ti malonate, kò lágbára tó láti dúró lórí òrùka. Á wọlé, á tún jáde.

Manganese

Mo máa yára kọjá níbí, torí àwọn tó nílò rẹ̀ kò pọ̀. Àbúrò chromium ni: CO mẹ́ta kan náà, àmọ́ gbogbo mólékù náà ní àmì +. Nítorí náà ó ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ju chromium lọ jìnnà; òun ló le jù nínú àwọn mẹ́rin tó ń fà (chromium, manganese, irin àti ruthenium). Olùfúnni tí chromium kò lè jẹ́ kó dúró, manganese á dá a dúró, kódà Grignard lásán (kábọ̀n tó so mọ́ magnesium). Mn(CO)5Br àti alumíníọ̀mù kilóráìdì ni wọ́n fi ń gbé e lórí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé líle yẹn náà ló ń mú kí ohun tí ẹ kò pè wá: ẹ fi sínú sọ́fẹ́ǹtì tó ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù láti fúnni, ó lè fi òrùka yín sílẹ̀ kó bá sọ́fẹ́ǹtì lọ. Ẹ lò ó nígbà tí chromium bá kọ̀, kì í ṣe ṣáájú.

Irin

Bí owó bá ṣòro, ibí ni kí ẹ dúró sí. Ferrocene ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ó wà káàkiri, kò wọ́n, afẹ́fẹ́ kì í bà á jẹ́. Nesmeyanov àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Moscow ló gbé ọ̀nà náà jáde ní 1963: òrùka tí ẹ fẹ́ lò, ferrocene, alumíníọ̀mù kilóráìdì àti ìyẹ̀fun alumíníọ̀mù, ẹ kó gbogbo rẹ̀ kaná. Ọ̀kan nínú òrùka ẹlẹ́kábọ̀n márùn-ún tó wà lára ferrocene á bọ́ sílẹ̀, tiyín á rọ́pò rẹ̀. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sórí omi dídì. Ferrocene tó ṣẹ́ kù á lọ sókè pẹ̀lú sọ́fẹ́ǹtì, ohun tí ẹ ń wá á wà nísàlẹ̀ nínú omi, torí iyọ̀ ni. Ẹ wá kán ammonium hexafluorophosphate sínú omi yẹn, ìyẹ̀fun ìyeyè á rọ̀ sílẹ̀ lójú yín. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ gbẹ ẹ, ẹ tì í sínú dúrọ́ọ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Kò béèrè argon lọ́wọ́ yín.

Agbára rẹ̀ láti lé chlorine jáde sún mọ́ ti nitro méjì, ìyẹn ni pé ó ju chromium lọ. Ohun tí irin tún mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni kó mú háídírójìn tó wà lára CH3 tó so mọ́ òrùka rọrùn láti yọ. Didier Astruc ní Bordeaux lo èyí dé góńgó: ó mú mesitylene tí irin wà lórí rẹ̀, ó fún un ní KOH àti allyl bromide, háídírójìn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó wà lára CH3 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì di ẹ̀ka mẹ́sàn-án nínú fláàsìkì kan ṣoṣo. Àwọn mólékù tó ń yọ ẹ̀ka lórí ẹ̀ka ni ó ń fi ìyẹn kọ́. Èmi kò mọ mẹ́tàlì míì tó máa ṣe irú rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú báyẹn.

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí lásán ló ń yọ ọ́ kúrò, nínú acetonitrile. Ibi tó ti ń já èèyàn kulẹ̀ ni gbígbé e lórí: alumíníọ̀mù kilóráìdì nínú ooru kì í ṣàánú mólékù ẹlẹgẹ́. Methoxy lè já, kítóònù lè yí padà, nitro kò sì ní là á já. Mólékù tó rọrùn ni irin wà fún. Ẹ fi í sí i níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ má dúró dé ìparí.

Ruthenium

Ẹ̀gbọ́n irin ni nínú tábìlì, ọ̀wọ́ kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ tutù. Ní 1982 ni Gill àti Mann fi hàn pé [CpRu(MeCN)3]PF6 (Cp ni òrùka ẹlẹ́kábọ̀n márùn-ún, MeCN ni acetonitrile) máa ń jọ̀wọ́ acetonitrile mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó gba òrùka, láìsí alumíníọ̀mù kilóráìdì, láìsí ooru gbígbóná. Ẹ pò ó mọ́ òrùka yín nínú sọ́fẹ́ǹtì tó rọ̀, ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń rò ó, ó tán. Amino acid pàápàá ń gbà á láìbàjẹ́. Anthony Pearson lo èyí fún chlorophenylalanine: ó fi ruthenium lé e, ó fi phenol lé chlorine jáde, ó sì rí ìdè òrùka-ọ́síjìn-òrùka tó wà nínú àwọn oògùn kòkòrò bíi vancomycin. Ẹni tó bá gbé irú mólékù bẹ́ẹ̀ sínú alumíníọ̀mù kilóráìdì máa kábàámọ̀.

Ẹ wá wo bó ṣe ń kúrò. Ẹ tan ìmọ́lẹ̀ ultraviolet sí i nínú acetonitrile, òrùka á jáde, acetonitrile mẹ́ta á padà sáyè wọn, ohun tí ẹ sì rí ni [CpRu(MeCN)3]PF6 tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè tún un lò. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà fún àwọn tó ń sọ pé ruthenium wọ́n jù. Ó wọ́n lóòótọ́ nígbà tí ẹ bá ń ra á. Àmọ́ ẹni tó ń gbà á padà kò fi owó rẹ̀ ṣòfò bí ẹni tó ń da chromium sínú ike ẹ̀gbin.

Láìpẹ́ yìí, ẹgbẹ́ Tobias Ritter lo ruthenium láti pààrọ̀ OH tó wà lára phenol sí fluorine-18, èyí tí wọ́n ń fi ya àwòrán inú ara nílé ìwòsàn. Ìdajì fluorine yẹn ń lọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 110, nítorí náà ríákíṣọ̀n tó bá ń gba ọjọ́ kan kò wúlò fún un rárá.

Ká tó kúrò níbí: South Africa ló ń wa chromium àti manganese jù lọ lágbàáyé, ibẹ̀ náà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ruthenium ti ń wá. Inú ilẹ̀ Áfíríkà ni, a sì ń san owó ìlú òyìnbó lé e. Iye tí òkúta ń tà àti iye tí ìgò kékeré ń tà kì í bára mu.

Osmium, àti tungsten tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀

Àwọn mẹ́rin tó ṣáájú jókòó lé kábọ̀n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì ń fà. Àwọn yìí di kábọ̀n méjì péré mú láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì ń tì. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Bí mẹ́tàlì bá ti gba kábọ̀n méjì, mẹ́rin tó ṣẹ́ kù kò lè jọ pín ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ìwà aromatic, ìyẹn ìdúróṣinṣin òrùka náà, á lọ, wọ́n á máa hùwà bí ìdè onílọ̀ọ́po-méjì lásán. Mẹ́tàlì náà sì tún ń fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kún tiwọn. Òrùka wá di olùfúnni pátápátá.

Henry Taube, tó gba Nobel ní 1983, àti W. Dean Harman ló bẹ̀rẹ̀ èyí ní Stanford, pẹ̀lú osmium tó ní ammonia márùn-ún lára. Phenol tàbí anisole tí wọ́n gbé lé e máa ń na ọwọ́ sí olùgbà láti kábọ̀n kẹrin, kódà sí àwọn olùgbà tí kò lágbára tó láti bá anisole lásán ṣe nǹkan kan. Olùgbà náà sì ń wọlé láti ojú tí osmium kò sí nìkan. Ohun tó ń jáde ni òrùka ẹlẹ́kábọ̀n mẹ́fà tí kò pẹlẹbẹ mọ́, tí a mọ ẹ̀gbẹ́ tí gbogbo nǹkan wà lára rẹ̀.

Kí wá ló dé tí wọ́n fi fi osmium sílẹ̀? Ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láyé. Bó bá bá ọ́síjìn pàdé dáadáa, ó lè di OsO4, afẹ́fẹ́ tó ń fò jáde lára rẹ̀ sì ń ba ojú jẹ́. Èyí tó tún ká wọn lọ́wọ́ kò ni pé ammonia márùn-ún kan náà kò lè mú mẹ́tàlì náà jẹ́ ọ̀tún tàbí òsì. Nígbà tí Harman ti wà ní Yunifásítì Virginia, wọ́n gba orí rhenium dé orí tungsten: TpW(NO)(PMe3). Àwọn ohun tó yí tungsten ká yàtọ̀ síra, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ní ọwọ́, ó sì ń gbé ọwọ́ yẹn fún òrùka.

Ibi tí wọ́n gbé e dé ní 2020 ló wú mi lórí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n gbé bẹ́ńsíìnì lásán lé tungsten, wọ́n ń fi ásíìdì àti hydride (háídírójìn tó gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wá) kún un ní ìgbésẹ̀ ní ìgbésẹ̀, wọ́n ń yan èyí tó máa jẹ́ háídírójìn àti èyí tó máa jẹ́ deuterium (háídírójìn tó wúwo tó ìlọ́po méjì), wọ́n sì tú cyclohexene sílẹ̀ tí deuterium wà níbi tí wọ́n fẹ́ gan-an, lójú òrùka tí wọ́n fẹ́. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé ẹ̀dọ̀ kì í tètè já ìdè kábọ̀n àti deuterium. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn àkọ́kọ́ tó lo ọgbọ́n yìí, deutetrabenazine, ní 2017.

Ṣé gbogbo èèyàn ló lè lò ó? Rárá. Àpótí oníbọ̀wọ́ tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹni tí kò ní in kò lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò ní rí TpW(NO)(PMe3) rà lọ́jà bí ẹ ṣe ń rí ferrocene. Ẹ máa ṣe é fúnra yín. DDQ (kẹ́míkà tó ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù) tàbí iyọ̀ cerium ni wọ́n fi ń já a kúrò, mẹ́tàlì náà kì í sì í padà bọ̀ bíi ti ruthenium. Molybdenum wà tó dín owó kù, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò le tó: naphthalene á dúró, bẹ́ńsíìnì kì í pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Palladium, fún ẹni tí kò nílò gbogbo èyí

Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ so òrùka kan mọ́ òmíràn, tàbí mọ́ kábọ̀n tó ní ìdè onílọ̀ọ́po-méjì, ẹ má da ara yín láàmú. Palladium kì í gbé òrùka náà dání, ìdè kan ló ń wọ̀, á ṣe iṣẹ́ rẹ̀, á bọ́ síbòmíràn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló tó. Heck, Negishi àti Suzuki gba Nobel 2010 lórí èyí. Bí kò bá sí bromine tàbí iodine lórí òrùka yín, ọ̀nà tí Fujiwara àti Moritani ṣí ní 1967, tó ń lo háídírójìn lásán láti so òrùka mọ́ kábọ̀n onílọ̀ọ́po-méjì, wà níbẹ̀. Ẹ ṣáà má gbàgbé máíkírógíráàmù 100.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Akẹ́kọ̀ọ́ tí láàbù rẹ̀ kò ní ju fláàsìkì, omi dídì àti bọ́ọ̀bù iná lọ, tí mólékù rẹ̀ sì rọrùn: irin. Ẹni tó fẹ́ fi kábọ̀n sí meta lórí anisole, tàbí tó ń wá ọ̀tún àti òsì, tó sì ní argon àti iná tí kì í lọ: chromium, kò sí méjì rẹ̀. Bí olùfúnni yín bá kọ̀ láti dúró lórí chromium, ẹ lọ sí manganese.

Mólékù ẹlẹgẹ́ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, pẹ̀lú amino acid tàbí ìdè tó tètè ń já: ruthenium, kí ẹ sì ra fìtílà ultraviolet mọ́ ọn kí ẹ lè gbà á padà. Ẹ má ra ruthenium láìní fìtílà.

Tungsten wà fún ẹni tó fẹ́ sọ òrùka pẹlẹbẹ di òrùka tó ní òkè àti ìsàlẹ̀, ní pàtàkì pẹ̀lú deuterium, tó sì ní àpótí oníbọ̀wọ́. Tí kò bá ní in, mo gbà á nímọ̀ràn pé kó wá láàbù tó ní in tí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́. Osmium ńkọ́? Ẹ ka àwọn iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe, ọgbọ́n inú rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ẹ má rà á.